Oníbàárà ńlá méjì ló gbé èédú Enugu dìde, àwọn náà ló sọ ọ́ kalẹ̀

Àwọn àgbàlagbà n'Ifo ò ní í gbàgbé rélùwéè tó máa ń rú èéfín kọjá lójú irin Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí ojú irin Idogo ti yà. Èédú ni wọ́n fi ń dáná ọkọ̀ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ síṣẹ́ èédú ọ̀hún kan gbogbo oníṣòwò tó wà ní Mowe, Ibafo àti Ifo lónìí.

Ọdún 1909 ni wọ́n rí èédú l'Udi. Ní 1915, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á l'Ogbete, n'Enugu. Nígbà tó di 1916, ojú irin ti ń gbé e lọ sí èbúté Port Harcourt.

Oníbàárà ńlá méjì ló ń rà á: rélùwéè àtàwọn tó ń pèsè iná mànàmáná, bíi ti Ijora l'Ékòó. Èyí ló sọ Enugu di ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà nínú owó náà, torí ní November 18, 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley nígbà tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Lọ́dún 1950, ìjọba dá Nigerian Coal Corporation sílẹ̀. Láàrin 1958 sí 1959, èédú tí wọ́n wà tó nǹkan bí 900,000 tọ́ọ̀nù.

Kí ló wá dé? Èédú ò tán nílẹ̀, àwọn tó ń rà á ló yí padà. Wọ́n rí epo rọ̀bì l'Oloibiri ní 1956. Rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í fi dísù rìn. Ní 1968, Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi pèsè iná. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 tún ti ibi ìwakùsà pa. Wọ́n ṣí i padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà ò padà sí bó ṣe wà mọ́. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 2000, iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń se oúnjẹ tà fáwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo n'Ibafo, àti fún ẹni tó jẹ́ pé kọ́ńtírátọ̀ kan péré ló ń ra búlọ́ọ̀kù ẹ̀ ní Mowe. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ ṣí ìwé ìṣirò yín, kẹ́ ẹ wo ọjà oṣù mẹ́ta tó kọjá. Bí ẹnì kan bá ń rà ju ìdajì lọ, ẹ tètè wá ẹlòmíì kún un nígbà tọ́jà ṣì ń tà. Ìgbà tọ́jà Enugu ń tà jù lọ gan-an làwọn oníbàárà ẹ̀ ti ń wo ibòmíì.