Ẹ̀bùn Ìgbafẹ́ fún Àwọn Àgbà Wa, ní Ilé àti ní Ilé Ìwòsàn

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí ni ó ń rán wa létí oúnjẹ, aṣọ àti owó oògùn tí ó yẹ kí a máa pèsè fún àwọn òbí wa nígbà tí wọ́n bá darúgbó. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a sábà máa ń gbàgbé: lẹ́yìn tí arúgbó bá ti jẹun, tí ó sì ti lo oògùn rẹ̀, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àwọn ọmọdé ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àwọn tí ara wọn le ti lọ sí oko àti ọjà, òun nìkan ni ó sì kù tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ìwòsàn ni ó wà, ọjọ́ a tún máa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ìsinmi ti ń súnmọ́ tòsí, tí olúkúlùkù wa sì ń ro ohun tí yóò mú lọ sí ilé, a fẹ́ ṣe àlàyé díẹ̀ lórí bí a ti í yan ẹ̀bùn tí àgbà lè fi gbafẹ́.

Kí a tó sọ èyí tí ó yẹ, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ní àkókò kan, a lọ bẹ ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa wò ní ilé ìwòsàn. A dá owó jọ, a sì ra ìwé orin titun fún un, nítorí a mọ̀ pé ó fẹ́ràn orin púpọ̀. Màmá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbàdúrà fún wa títí, a sì padà pẹ̀lú inú dídùn. Nígbà tí a tún lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti fi í sílẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ ti wẹ́ jù; Màmá kò rí i kà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dójú ti àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ọpẹ́ àgbà kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀bùn wa wúlò. Ìfẹ́ ni àgbà fi ń dúpẹ́. Àwa ni ó yẹ kí a wádìí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìwádìí náà ní. Èkíní: kí ni ẹni náà fẹ́ràn láti máa ṣe nígbà tí agbára ń bẹ? Èkejì: kí ni ojú, etí àti ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè ṣe nísinsìnyí? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò bá a ṣe é? Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé láti inú ohun tí ọmọ ti mọ̀ ni a ti í mú un lọ sí ohun tí kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àgbà. Ohun tí ó ti mọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ a máa dùn mọ́ ọn ju ohun àràmàǹdà tí a rà ní ìlú ńlá lọ. Kò sì tọ́ kí a fún un ní ohun ìṣeré ọmọ ọwọ́; ara rẹ̀ ni ó rọ̀, ọlá rẹ̀ kò dínkù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ayò ọlọ́pọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ọpọ́n náà ní ihò 12, mẹ́fà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 4 ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Kò gba agbára, ìka ọwọ́ a sì máa ran ojú lọ́wọ́ láti mọ iye ọmọ ayò. Síbẹ̀, ó ń mú kí ènìyàn máa ṣírò, kí ó sì máa ro ohun tí ẹnìkejì ń pète. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ayò ń dá ipò àgbà padà fún un. Baba tí a ń gbé jókòó, tí a ń bu omi fún, lè di ọ̀ta lórí ọpọ́n, kí àwa ọ̀dọ́ tí ara wa le sì di ọ̀pẹ́ tí ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn, ọpọ́n igi wúwo lórí ibùsùn, ó sì ń pariwo sí etí àwọn aláìsàn mìíràn. Ọgbọ́n tí a lè dá nìyí. Páálí tí a fi ń to ẹyin 30 ní ìlà 5, ihò 6 sì ni ó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gé ìlà 2 lára rẹ̀, ihò 12 pé. Ó fúyẹ́, ariwo rẹ̀ kò pọ̀, a sì lè sọ ọ́ nù nígbà tí aláìsàn bá ń lọ sí ilé. Titun tí kò gbé ẹyin rí ni kí a lò, nítorí èérí ara ẹyin lè gbé kòkòrò àrùn. Kí a sì fi ọṣẹ fọ ọmọ ayò. Ohun yòówù kí a fẹ́ mú wọlé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bí ó bá sì ti rẹ aláìsàn, kí a kó ayò kúrò nílẹ̀.

Ní ti ìwé, láti nǹkan bí 40 ọdún ni ojú púpọ̀ nínú ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro láti fi rí ohun tí ó wà nítòsí. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ sì tún ṣòro ní èdè wa, nítorí àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà wà lára ohun tí ó fi ìyàtọ̀ sáàrin òjò àti ọjọ́. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ra Bíbélì, kí a wá èyí tí a fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀. Ẹni tí kò bá sì lè kàwé, kí àwa kà á fún un. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fagunwa tí ó jáde ní 1938, dára púpọ̀ fún èyí. Bí a bá ka apá kan lónìí, tí a sì dúró níbi tí ó dùn jù, àgbà yóò ní ohun tí yóò máa retí títí a ó fi padà wá.

Àwọn ìyá mìíràn kò fẹ́ eré rárá. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń gbafẹ́. Irú ìyá bẹ́ẹ̀, bí ó bá wà ní ilé, ẹ̀gúsí tí a kò tíì bó nínú igbá lè dùn mọ́ ọn ju aṣọ àrán lọ, nítorí yóò mọ̀ pé ọwọ́ òun ṣì wà nínú ọbẹ̀ tí gbogbo ilé yóò jẹ.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni yóò ti máa ro rédíò. Ẹ̀bùn rere ni, pàápàá fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ìwòsàn, kí a ra èyí tí a lè ki okùn rẹ̀ bọ etí, kí ó má baà dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí orúkọ tí àwọn ènìyàn wa sọ ọ́: asọ̀rọ̀mágbèsì. Yóò bá àgbà sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò sì ní gbọ́ èsì kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀. Níhìn-ín ni ìbéèrè kẹta ti wúlò. Ẹni tí ó ra rédíò fún baba rẹ̀, tí kò sì jókòó láti bi í léèrè ohun tí ó gbọ́, ìdajì ẹ̀bùn ni ó fún un.

Màmá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? A ra ìwé fífẹ̀, a sì fi ọwọ́ kọ orin márùn-ún tí ó fẹ́ràn jù sórí rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, bí a ti ń kọ ọ́ sára pátákó fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó ìwé àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ tí a mú un lọ, Màmá nà án sí iwájú, ó wò ó díẹ̀, ó sì dá orin. Àwọn ìyá tí ó wà lórí ibùsùn mìíràn gbè é. Àwa náà dúró, a sì bá wọn kọ ọ́ dé òpin. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, òfin karùn-ún tí gbogbo wa mọ̀ lórí wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá dé ilé ní ìsinmi yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà wa kí a tó na owó.