Omi Egungun: Agbára Rẹ̀ àti Ààlà Agbára Náà

Bí a bá fi ohùn àárín pe egungun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun líle tí ó gbé ara ènìyàn àti ti ẹranko ró ni a pè. Bí a bá gbé ohùn sókè lẹ́yìn sílébù àkọ́kọ́, ó di egúngún, ará ọ̀run. Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Inú rẹ̀ ni mùdùnmúdùn wà, ohun ọlọ́ràá tí àwọn àgbà máa ń fi ẹnu fà jáde nígbà tí ẹran bá ti tán lára egungun. Orúkọ yìí kan náà ni Yorùbá fi ń pe ohun tí ó dára jù nínú ohunkóhun. A lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ojú pàtàkì ni àwọn baba ńlá wa fi wo ohun tí ó wà nínú egungun. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bi ara wọn ni èyí: bí a bá se egungun títí, kí ni ó ń jáde sínú omi rẹ̀, kí sì ni kì í jáde? Ìdáhùn rẹ̀ kan ẹ̀mí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Kí a mú Ìjàyè ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì fọ́ ọ ní ọdún 1862, lẹ́yìn ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860. Lónìí, abúlé oko ni ó pọ̀ jù ní agbègbè náà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo ni àgbẹ̀ ń gbìn. Láfún, àmàlà àti ẹ̀kọ ni wọ́n sì ń jẹ. Àwọn oúnjẹ wọ̀nyí ń fún ni ní agbára iṣẹ́, ṣùgbọ́n èròjà tí ń mú ara dàgbà, tí a ń pè ní protein, kò pọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà màlúù Akínyẹlé kò jìnnà, ilé ìpẹran sì wà ní abúlé Amósùn ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ẹran lè ra egungun tí alápatà ti gé ẹran kúrò lára rẹ̀, kí ó sì rí omitoro aládùn nínú rẹ̀.

Ṣíṣe rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó gba àkókò. Bí egungun bá jẹ́ kílò 2, omi tí ó tó lítà 4 ni yóò gbà. Kí alápatà gé e sí wẹ́wẹ́ kí mùdùnmúdùn lè rí ọ̀nà jáde. Egungun oríkèé ni ó dára jù. Ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ màlúù tàbí awọ kún un, kí ó yẹra fún èyí tí wọ́n fi iná táyà sun irun rẹ̀, nítorí èéfín táyà ní májèlé nínú. Èyí tí wọ́n fi omi gbígbóná bó ni kí ó rà. A ó kọ́kọ́ bọ egungun náà fún ìṣẹ́jú 10, a ó da omi àkọ́kọ́ nù, a ó sì ṣan egungun àti ìkòkò. Lẹ́yìn èyí ni a ó da omi tútù bò ó, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti atalẹ̀. Bí ó bá ti hó, a ó ré ìfófò ojú rẹ̀ kúrò, a ó sì fa igi jáde nínú ààrò kí iná lè rọlẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: kí ojú omi náà kàn máa mì díẹ̀díẹ̀, nítorí bí ó bá ń hó jù, ọ̀rá yóò pò mọ́ ọn, kò sì ní mọ́ gaara mọ́. Egungun adìyẹ yóò gba bíi wákàtí 3. Ti màlúù yóò gba wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀ ni kí ó kẹ́yìn, nítorí omi yóò máa fà, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ní bá a fà.

Igi ìdáná ń náni lówó. Nítorí náà, kò pọn dandan kí a dá iná ọ̀tọ̀ fún egungun. Nígbà tí a bá yan gàrí tán, tí ẹyin iná ṣì pọ̀ nínú ààrò, ni ó yẹ kí a gbé ìkòkò rẹ̀ ka iná.

Kí ni ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà? Okùn tín-ín-rín kan wà nínú egungun, iṣan àti awọ tí a ń pè ní collagen; òun ni ó so ara pọ̀. Bí ooru àti omi bá bá a jà fún wákàtí púpọ̀, okùn náà a tú, a di gelatin, a sì yòrò sínú omi. Àmì rẹ̀ ni pé bí omitoro bá tutù, a máa dì, a sì máa mì bí ẹ̀kọ rírọ̀. Ọ̀rá àti mùdùnmúdùn náà a jáde. Ìdí nìyí tí omi egungun fi ń tu aláìsàn tí kò lè jẹun lára, tí ó fi dára fún abiyamọ tuntun àti fún àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ ti ká.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé níwọ̀n bí calcium ti wà lára ohun tí ó mú egungun le, omi rẹ̀ yóò kún fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú egungun ni púpọ̀ nínú calcium náà ń kù sí. Àní bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí omi náà, ìwọ̀nba ni yóò jáde. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a jẹ pẹ̀lú egungun rẹ̀ ní calcium jù ú lọ fíìfíì.

Ààlà kejì ni ó léwu jù, àwọn ará Yúróòpù sì ti fi ojú rí i. Ní ọdún 1679, Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ìkòkò kan tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin han àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ooru inú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí egungun fi ń rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ d'Arcet ní Paris gbà pé gelatin egungun tó láti fi bọ́ àwọn aláìní àti àwọn aláìsàn. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí François Magendie jẹ́ olórí rẹ̀ jábọ̀ ní ọdún 1841 pé ajá tí a fi gelatin nìkan bọ́ kò lè yè. Ó pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó hàn: gelatin kò ní tryptophan, ọ̀kan nínú àwọn èròjà protein tí ara kò lè dá ṣe fún ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ tiwa gbọ̀ngbọ̀n. Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín Yorùbá pé bí ọmọdé bá ń jẹ ẹran àti ẹyin, yóò di olè. Nítorí náà, ẹran a di ti bàbá, omi ọbẹ̀ a di ti ọmọ. Ìyá a sì rò pé agbára ẹran ti wà nínú omi náà. Ní ọdún 1935, Cicely Williams, oníṣègùn tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, kọ̀wé nípa kwashiorkor, àrùn tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti inú èdè Gã. Àrùn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀ ni: ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, irun rẹ̀ a pọ́n, oúnjẹ àgbàdo sì ni ó sábà ń jẹ. Ọmọ tí a bá fi ẹ̀kọ mímu àti omi egungun nìkan bọ́ wà lójú ọ̀nà kan náà, bí ó ti wù kí omi náà dùn tó.

Àtúnṣe rẹ̀ kò jìnnà sí ìdí ààrò. Ẹ̀wà ní tryptophan tí gelatin kò ní. Nítorí náà, kí a fi omi egungun se gbẹ̀gìrì dípò omi lásán. Kí a fi se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ̀gúsí wà nínú rẹ̀. Kí a sẹ́ ẹ dáadáa kí èérún egungun má bàa há ọmọ lọ́fun. Kí a yọ ẹran tí ó lẹ̀ mọ́ egungun, kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí a sì fún ọmọ náà. Omitoro tí ó bá ṣẹ́kù kò gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú nínú ìkòkò, nítorí àwọn kòkòrò àrùn kan wà tí híhó kì í pa tán, tí wọ́n sì ń gbèrú bí ó bá ti ń tutù díẹ̀díẹ̀. Kí a bù ú sínú àwo kéékèèké kí ó lè tètè tutù, kí a gbé e sínú fíríìjì. Níbi tí kò bá ti sí fíríìjì, kí a se ìwọ̀n tí a ó jẹ tán lọ́jọ́ kan.

Bí olùkọ́ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nípa ìlera, kí ó má bu ẹnu àtẹ́ lu ìkòkò egungun ìyá àgbà, kí ó má sì sọ ọ́ di oògùn. Kí ó kọ́ wọn láti máa bi ara wọn pé: kí ni ó wà nínú àwo pẹ̀lú omi náà, ta ni ó sì bọ́ sí lọ́wọ́?