Ewu Iná Mọ̀nàmọ́ná Nínú Ilé

Mọ̀nàmọ́ná tí ó máa ń kọ lójú ọ̀run nígbà òjò ni Yorùbá wò kí wọ́n tó sọ iná yìí lórúkọ, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ohun tí a fi ń kàwé lálẹ́ náà ni ó lè pa odidi ènìyàn kí a tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dédé ṣọṣẹ́. Ó máa ń fún ni ní àmì.

Wo àwọn ilé tí ó pọ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé oníyàrá púpọ̀ tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pẹ́, wáyà inú wọn kò sì ju ohun tí ó tó fún gílóòbù àti rédíò lọ. Lónìí, fìríìjì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti áyọ́ọ̀nù ni ó rọ̀ mọ́ ọn. Áyọ́ọ̀nù kan tí ó jẹ́ 1,000 wáàtì ń fa iná ju gílóòbù 16 tí ó jẹ́ 60 wáàtì lọ. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, iná yóò sì ràn.

Nítorí náà, bí o bá ń gbọ́ òórùn rọ́bà tí ń jó, tí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú, tí ó ń ta pàràpàrà, tàbí tí orí púlọ́ọ̀gì gbóná mọ́ ọ lọ́wọ́, pa á, kí o sì pe oníṣẹ́ iná. Bí o bá fọwọ́ kan ara fìríìjì tí iná rọra gbé ọ, má ṣe fi ṣe ẹ̀rín. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ìwà kan wà tí ó burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Bí fíùsì bá jó, àwọn kan á wá wáyà lásán tàbí bébà dídán inú páálí sìgá, wọn á fi dí i. Iná á tàn lóòótọ́, inú gbogbo ilé á sì dùn. Wọn kò mọ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fíùsì ní aláìlágbára ni, kí ó lè kú kí ilé má bàa jó. Ẹni tí ó fi wáyà dí i ti lé ọdẹ ilé rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí o ń lọ aṣọ lọ́wọ́, yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lójú iná kí o tó jáde. Wọ́n ti pa NEPA rẹ́ láti ọdún 2005, Ikeja Electric ni ó sì ń pín iná fún àdúgbò yìí láti ọdún 2013, síbẹ̀ orúkọ NEPA náà ni àwọn ọmọdé ń pariwo bí iná bá dé. Ariwo yẹn lè bá ọ lọ́jà, kí áyọ́ọ̀nù sì ti dojú dé aṣọ nílé. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, níbi tí bébà kún ilẹ̀ dé òkè, ewu náà tún le sí i. Ní apá Bàrígà tí ó súnmọ́ ọ̀sà, bí omi bá wọlé, má ṣe tẹ̀ ẹ́ títí iná yóò fi kúrò pátápátá.

Bí iná bá gbé ẹnì kan ńkọ́? Má ṣe dì í mú, kí ẹ má bàa di méjì. Pa iná ní ibi mítà. Bí kò bá ṣeé pa, dúró lórí pákó gbígbẹ, kí o fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Ti wáyà òpó tí ó já sí títì yàtọ̀: igi kò lè gbà ọ́ níbẹ̀, jìnnà sí i, kí o sì pe 767 tàbí 112. Bí ilé bá ń jó, má ṣe da omi sí ohun tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Yanrìn ni kí o lò.

Bí ẹni náà kò bá mí mọ́, fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ó kéré tán ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Má ṣe bu epo pupa sí i lẹ́nu. Bí ó tilẹ̀ dìde tí ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí iná lè ti jó o nínú láì hàn sí ojú, ó sì lè ti da lílù ọkàn rẹ̀ rú.