Omele àti Ìyáàlù Nínú Àwo Tony Allen àti Jeff Mills

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Mọ́níyà níbí, mo fi àwo Tomorrow Comes the Harvest, tí Tony Allen àti Jeff Mills jọ ṣe ní 2018, gbọ́ fún àwọn ará àdúgbò. Ọmọ Èkó ni Allen. Òun ló lu ìlù fún Fẹlá nínú Africa '70. Mills, ará Detroit, wà lára àwọn tó dá techno oníwọ̀nba sílẹ̀: ìlù ẹ̀rọ tó ń tún ohun kan náà lù, tí ohùn ibẹ̀ kò pọ̀.

Ọ̀dọ́ kan ní, "Prof, ọkọ̀ ojú irin wa nìyí o!" Bàbá onílù kan ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé, "Kí ló ń sọ?"

Ìbéèrè gidi ni. Létí wa, ìlù tí ò sọ̀rọ̀, ariwo lásán ni. Àmọ́ ẹ wo ẹgbẹ́ dùndún: omele kì í pa òwe. Ohun kan náà ló ń tún lù, kí ìyáàlù lè rí ilẹ̀ tẹ̀ sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rọ Mills ni omele, Allen ni ìyáàlù.

Mo tún àwo náà fi, mo ní kí bàbá máa tẹ̀lé ọwọ́ Allen nìkan. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń fìka lu orúnkún. Wọ́n ní, "Ọ̀gá lẹni yìí. Ṣùgbọ́n omele tiwa máa ń wojú ìyáàlù. Ṣé tiwọn náà ń wò ó?"

Mo ní ọwọ́ ni Mills fi ń darí ẹ̀rọ náà. Bàbá ò tíì gbà. Ẹ̀yin ńkọ́?