Ilé Ọba Tó Jó: Ìtàn Ọgbà Yiheyuan ní Ìlú Beijing

Àwọn àgbà a máa wí pé, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà kò sọ ẹni tí yóò san owó ẹwà yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí yóò jẹ ìgbádùn rẹ̀. Ìtàn ọgbà Yiheyuan, tó wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà, dáhùn ìbéèrè méjèèjì.

Ní 1750 ni olú-ọba Qianlong bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, nítorí pé ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Ó mú kí a gbẹ́ adágún ibẹ̀ kó fẹ̀ sí i, a sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ lé orí òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pe òkè náà ní Òkè Ẹ̀mí Gígùn, ó sì pe adágún náà ní Kunming. Omi tó ń ṣàn wá láti ìhà àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn ń gbárajọ síbẹ̀ fún ìlò ìlú àti oko. Gbogbo ọgbà náà tó nǹkan bí 290 hẹ́kítà, omi ló sì gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti olú-ọba àti àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Kì í ṣe ibi tí mẹ̀kúnnù ti ń gbafẹ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1860, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń bá Ṣáínà jagun, Lord Elgin, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé kí a dáná sun ọgbà àwọn olú-ọba, láti fi gbẹ̀san àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kú sọ́wọ́ ará Ṣáínà. Iná náà kò dá ọgbà Qianlong sí. Àwọn ilé onígi jóná. Díẹ̀ nínú ti òkúta àti ti idẹ ló ṣẹ́kù.

Ẹni tó tún un kọ́ ni Cixi, opó olú-ọba tó ti wàjà, ẹni tó ń ṣàkóso lẹ́yìn ìtẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀, Guangxu. Ní 1888 ni a fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Lára owó tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ológun ojú omi ni a ná sórí iṣẹ́ náà. Kí ìnáwó yìí lè ní orúkọ tó dára, a dá ilé ẹ̀kọ́ ológun ojú omi sílẹ̀ létí adágún Kunming. Ọkọ̀ kan ṣì wà níbẹ̀: òkúta ni ìdí rẹ̀, igi tí a kùn bí òkúta mábù sì ni òkè rẹ̀. Ní 1894, ọdún ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún Cixi, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ṣáínà àti Japan. Kí ó tó parí ní 1895, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ogun Ṣáínà ti rì tàbí kó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Owó ọgbà nìkan kọ́ ló fa ìṣubú náà, ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà kò gbàgbé rẹ̀.

Ní 1898, nígbà tí Guangxu gbìyànjú láti tún ìjọba ṣe, Cixi gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì há a mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ilé Yiheyuan wà lára ibi tí a há a mọ́. Báyìí ni ọgbà ìgbafẹ́ di ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí a ń pè ní olú-ọba.

Ìjọba àwọn olú-ọba dópin ní 1912. Ní 1914 a bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lọ́wọ́ ará ìta kí wọ́n tó wọlé, ṣùgbọ́n ìdílé ọba ló ṣì ni ín. Ní 1924, nígbà tí a lé Puyi, olú-ọba ìkẹyìn, kúrò láàfin, Yiheyuan di ọgbà ìgbafẹ́ gbogbo ènìyàn. Ní 1998, àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo àgbáyé.

Lónìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí Cixi ń gbà kọjá, tó gùn ní 728 mítà, tí a ya àwòrán ìtàn sí àwọn igi àjà rẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ń jókòó sí. Bí adágún bá di yìnyín nígbà òtútù, àwọn ọmọdé ń yọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn tó san owó ẹwà náà kò fojú kàn án. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń jẹ ìgbádùn rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, nígbà àjọ̀dún ni a máa ń dá owó láti tún ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè òwe yẹn: ta ni yóò jẹ ìgbádùn ohun tí a ń kọ́? Bí kò bá ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ òkúta ni a ń kàn.