Ta ló ba káàdì Intel jẹ́? Bí wọ́n ṣe ń tún díráífà ṣe nínú Linux

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, àwọn tó máa ń dán Linux tuntun wò kó tó jáde fún gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í figbe ta. Kọ̀ǹpútà wọn ń tàn, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àfi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń ki wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, káàdì kò jẹ́ wọn. Wọ́n padà sórí Linux àtijọ́ tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà, pàbó ló tún já sí. Ibẹ̀ ni àyà ti já wọn. Bí sọ́fítíwíà bá ṣàìsàn, a lè pa á rẹ́ ká fi òmíràn sí i, ṣùgbọ́n ohun tó bà jẹ́ báyìí wà nínú irin kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Díráífà tó ń bójú tó káàdì náà ń jẹ́ e1000e. Òun ni gbogbo ojú kọ́kọ́ yà sí, òun ni gbogbo ẹnu sì kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí ni mo rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tí títún díráífà ṣe túmọ̀ sí gbọ́, nítorí pé wíwá àṣìṣe inú díráífà kọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ó tún kan kí díráífà lè dáàbò bo irin tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, pàápàá nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣìṣe.

Kíbọ́ọ̀dù, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà gbàṣẹ. Kernel, ìyẹn sọ́fítíwíà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tó ń pín mẹ́mọ́rì àti àkókò fún gbogbo ètò yòókù, kò lè dá gbogbo ìyẹn mọ̀. Díráífà ni apá kóòdù tó mọ ìṣe irin kan pàtó, tó ń bá kernel jíṣẹ́ fún un. Nínú Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland lọ́dún 1991, díráífà ló gba ju ìdajì gbogbo kóòdù lọ.

Ewu tó wà ńbẹ̀ ni pé díráífà ń gbé pẹ̀lú kernel lójú kan náà, pẹ̀lú àṣẹ kan náà. Ẹ wo ó bí agboolé tí kò sí ògiri láàárín yàrá kan sí èkejì: ẹni tó da omi nù ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ẹní ẹlòmíràn ló máa rin. Bí ètò tí a fi ń tẹ lẹ́tà bá ṣìṣe, òun nìkan ni yóò kú. Bí díráífà bá ṣìṣe, ó lè kọ nǹkan sórí mẹ́mọ́rì tí kì í ṣe tirẹ̀, kí gbogbo kọ̀ǹpútà sì dákú.

Dawson Engler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2001 lórí kóòdù Linux. Wọ́n rí i pé, bí a bá fi wé bí kóòdù ṣe pọ̀ tó, àṣìṣe inú díráífà lè tó ìlọ́po mẹ́ta sí méje èyí tó wà nínú apá yòókù. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Washington kọ̀wé pé nínú 100 ìgbà tí Windows XP bá dákú, 85 ló ti ọwọ́ díráífà wá. Ọ̀pọ̀ sì rántí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí àtúnṣe kan láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ CrowdStrike dá kọ̀ǹpútà Windows tí Microsoft ṣírò sí mílíọ̀nù 8.5 dúró, tí ọkọ̀ òfuurufú àti ilé ìwòsàn sì há síbẹ̀. Sọ́fítíwíà ààbò ni ti CrowdStrike, kò bójú tó irin kankan, ṣùgbọ́n inú kernel ló ń gbé gẹ́gẹ́ bíi díráífà, ìyẹn ló jẹ́ kí àṣìṣe kékeré rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀.

N kò gbà pé àìbìkítà ló ń fa èyí. Ẹni tó ń kọ díráífà sábà máa ń jẹ́ ẹni tó mọ irin náà dunjú, àmọ́ tí ìmọ̀ rẹ̀ nípa òfin inú kernel kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ayé ló ń lo àárín gbùngbùn kernel lójoojúmọ́, nítorí náà àṣìṣe ibẹ̀ kì í pẹ́ hàn. Díráífà irin kan wà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba èèyàn péréte ló ní irin ọ̀hún.

Káàdì Intel ti ọdún 2008 kì í ṣe ara irú èyí tí èèyàn péréte ní. Inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ìgbà náà ló wà. Ó ní mẹ́mọ́rì kékeré kan tí kì í gbàgbé ohun tí wọ́n kọ sí i bí iná bá tilẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá káàdì náà mọ̀ wà níbẹ̀, ètò bó ṣe máa ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, àròpọ̀ kan tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohunkóhun ti yí padà náà wà níbẹ̀. Bí e1000e bá dé, àròpọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ń ṣírò. Bí kò bá ṣe déédéé, kò ní fọwọ́ kan káàdì náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sáwọn olùdánwò nìyẹn: nǹkan kan ti kọ ìkọkúkọ sínú mẹ́mọ́rì yẹn.

Gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń múra Linux 2.6.27 sílẹ̀. Ubuntu, Fedora, openSUSE àti Mandriva, tí wọ́n máa ń kó Linux jọ fún aráàlú, ló ti fi sínú ẹ̀dà ìdánwò tiwọn. Ìkìlọ̀ jáde lọ́tùn-ún lósì. Ubuntu tilẹ̀ pa e1000e nínú ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀. Wọ́n gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi àṣẹ ethtool ṣe àdàkọ ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì káàdì wọn, nítorí ẹni tó bá ní àdàkọ ṣì lè rí i kọ padà.

Wọ́n tú kóòdù e1000e yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́. Wọ́n rí àṣìṣe lóòótọ́: àwọn ibì kan wà tí apá kóòdù méjì ti lè dé ìdí mẹ́mọ́rì yẹn lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ohun tó ń dá ọ̀kan dúró de èkejì. Wọ́n tún un ṣe, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ohun tó ba káàdì jẹ́. Ni ìfura bá kúrò lórí e1000e, ó bọ́ sórí ètò tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Òun náà kọ́.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ Linux sábà máa ń gbà tú irú àṣírí báyìí, tí wọ́n ń pè ní git bisect. Àtúnṣe tó wà láàárín 2.6.26 àti 2.6.27 ju 10,000 lọ. Ẹ óò mú èyí tó wà ní ìdajì, ẹ óò dán an wò. Bí ó bá dára, àṣìṣe wà ní ìdajì kejì. Bí kò bá dára, ó wà ní ìdajì àkọ́kọ́. Ẹ óò tún pín ìyẹn sí méjì. Ìdánwò bíi 14 péré ti tó láti ká a mọ́ orí àtúnṣe kan ṣoṣo. Àfi ti káàdì yìí. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan tó bá já sí ibi tí kò dára lè na èèyàn ní káàdì kan, nígbà tí káàdì ọ̀hún sì jẹ́ ara pátákó kọ̀ǹpútà, kò ṣeé yọ jù nù. Èyí tó tún burú sí i ni pé àṣìṣe náà kì í ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí káàdì bá la ìdánwò kan já, ìyẹn kò fi hàn pé ẹ̀dà yẹn kò ní àṣìṣe nínú.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń fa ìbàjẹ́ náà, àwọn ẹnjiníà Intel ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fi àtúnṣe kan sínú e1000e: bó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sọ fún irin náà pé kó má gba ìkọ̀wé kankan mọ́ sínú mẹ́mọ́rì yẹn, títí wọn yóò fi pa kọ̀ǹpútà pátápátá. Àtúnṣe náà ti wà níbẹ̀ nígbà tí Linux 2.6.27 jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2008. Lójú tèmi, òun ló dára jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn. Ó yẹ kó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí ìdí kankan tí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ fi ní láti kọ nǹkan sínú mẹ́mọ́rì yẹn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Linux 2.6.27.1 jáde pẹ̀lú àtúnṣe tó pa ohun kan tí kò bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tan rárá: apá kan nínú ftrace, irinṣẹ́ tí Steven Rostedt kọ láti fi wo ohun tí kernel ń ṣe nínú lọ́hùn-ún.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí ftrace lè ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi ìpè kékeré kan sí ìbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù kernel. Kí ìpè wọ̀nyí má bàa fa kernel sẹ́yìn, ftrace ń kọ àdírẹ́sì wọn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń padà lọ fi àṣẹ tí kì í ṣe nǹkan kan rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n kóòdù kan wà tó jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Bí ó bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kernel ń kó o dà nù, ó sì ń fi àdírẹ́sì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àdírẹ́sì irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ftrace. Nígbà míì, ẹni tí kernel fún ní àdírẹ́sì náà ni e1000e, tó ń lò ó láti dé ọ̀dọ̀ mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀.

Ftrace kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìwàǹwára o. Àṣẹ tó ń lò, cmpxchg, ń wo ohun tó wà nílẹ̀ ná. Bí kì í bá ṣe ohun tó ń retí, kò ní yí i padà. Lórí mẹ́mọ́rì lásán, ìyẹn tó. Àmọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà irú x86 máa ń kọ nǹkan padà síbẹ̀ nígbà gbogbo, ìbáà bá ohun tó ń retí, ìbáà má bá a. Bí kò bá bá a, ohun tó ti wà níbẹ̀ gan-an ló ń dá padà, mẹ́mọ́rì lásán kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Irin kì í ṣe mẹ́mọ́rì lásán. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sí i, àṣẹ ló kà á sí. Káàdì gba àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò pa fún un, ó sì ba ara rẹ̀ jẹ́.

Àwọn tó ti ń fi gbogbo ọjọ́ wo e1000e ì bá má rí èyí láéláé bí wọ́n bá dúró síbẹ̀. Ibi tí gbogbo wọn fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀ lọ. Láti 2.6.28, àkọsílẹ̀ ftrace ti ń wáyé nígbà tí wọ́n bá ń kó kernel jọ, kì í ṣe nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ lórí díráífà kì í sábà gbóná báyìí. Ẹnì kan rí àṣìṣe, ó kọ ìlà kóòdù mélòó kan, ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ó sì dárúkọ àtúnṣe àtijọ́ tí àṣìṣe náà bá wọlé. Ẹni tó ń bójú tó apá yẹn yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá gbà á, àtúnṣe náà lè padà dé inú àwọn Linux àgbà tí aráyé ṣì ń lò, tí Greg Kroah-Hartman wà lára àwọn tó ń tọ́jú wọn. Irinṣẹ́ tó wà lónìí ju ti 2008 lọ fíìfíì. KASAN, tó wọ Linux lọ́dún 2015, ń ká ẹni tó bá fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì tí wọ́n ti gbà padà mọ́. Syzkaller láti ọ̀dọ̀ Google ń da ìbéèrè játijàti bo kernel títí yóò fi ṣubú. Coccinelle, tí Julia Lawall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ń wá irú àṣìṣe kan náà káàkiri gbogbo kóòdù lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 6.1, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, èdè Rust náà ti wọ inú kernel, kò sì ní gba ọ̀pọ̀ àṣìṣe mẹ́mọ́rì láàyè rárá. Inú mi dùn sí gbogbo ìwọ̀nyí. Síbẹ̀, kò sí èyí nínú wọn tó lè ka ìwé ìṣiṣẹ́ irin tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ̀ láti gbé jáde.

Èyí kàn wá nílé. Linux ló wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Ìbàdàn, Kòtónù àti Lomé. Díráífà kámẹ́rà àti ti ojú fóònù sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ṣíìpù. Lọ́jọ́ tónítọ̀hún bá pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, fóònù náà di ẹni à ń fi sílẹ̀ sórí kernel àtijọ́, bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó. Láti 2017 ni Google ti ń gbìyànjú láti ya apá Android kúrò lára apá ti ẹni tó ṣe irin, kí ìmúdójúìwọ̀n lè rọrùn. Ó ràn wá lọ́wọ́, kò tíì parí ìṣòro náà.

Ti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ yàtọ̀, ó sì dùn mọ́ mi láti sọ. Irin ọlọ́dún mẹ́wàá tí ẹni tó kọ díráífà rẹ̀ kò ní mọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì ní Ìkẹjà. Bí Linux tuntun bá ba wáìfáì rẹ̀ jẹ́, ẹni tó ni ín wúlò fún àwọn tó ń tún un ṣe ju bó ṣe rò lọ. Kó kọ nọ́ńbà Linux tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn àti ti èyí tó kọ́kọ́ bà jẹ́. Kó fi àṣẹ lspci -nn mú orúkọ àti nọ́ńbà irin náà jáde, kó sì fi dmesg kó ohun tí kernel sọ, láìgé ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi àtúnṣe ránṣẹ́ padà, kó dán an wò, kó sì sọ ohun tó rí gan-an. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ "kò tíì yí padà" ni èsì, ó ti gba ẹni tó ń wá àṣìṣe náà lọ́wọ́ àtimáa wá a níbi tí kò sí.