Ṣúgà Alárinà: Bí Pùrótéènì Òjíṣẹ́ Ṣe Ń Dé Ọ̀dọ̀ Sẹ́ẹ̀lì

Bí wọ́n bá dárúkọ ṣúgà, oúnjẹ tàbí àrùn ìtọ̀ ṣúgà ni ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ṣúgà kan wà nínú ara tí kì í ṣe fún jíjẹ rárá. Heparan sulfate ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni, ojú sẹ́ẹ̀lì àti àlàfo àárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì ni ó sì ń wà. Sulfate a máa lẹ̀ mọ́ ọn níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe tò sí ni ó ń mú ẹ̀wọ̀n kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹni tí ó mọ àrokò yóò tètè lóye èyí: owó ẹyọ kan náà ni, iye rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe kọjú rẹ̀ síra lórí okùn ni ó ń yí ìtumọ̀ padà. Àfiwé náà ní ààlà ṣá o, nítorí kò sí ẹni tí ń ka ẹ̀wọ̀n ṣúgà; ìfàmọ́ra iná ni ó ń ṣiṣẹ́.

FGF2 ni àpẹẹrẹ tí ó yé ni jù. Pùrótéènì yìí ni ó ń jíṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó pín sí méjì. Sulfate ní iná òdì. Lysine àti arginine tí ó wà lára FGF2 ní òdìkejì rẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ra.

Ní ọdún 1991, Yayon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo sẹ́ẹ̀lì tí kò lè pèsè heparan sulfate. Olùgbà iṣẹ́ wà lójú sẹ́ẹ̀lì náà, síbẹ̀ FGF2 kò lè so mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fi heparin, ìbátan ṣúgà yìí tí àwọn dókítà ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, kún un, ó so. Nínú ìgbéyàwó Yorùbá, bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárinà a yẹba. Heparan sulfate kì í yẹba. Àárín àwọn méjèèjì ni ó ń dúró sí.

Òun náà ni àká FGF2. Ẹ́ńsáìmù heparanase a máa gé ẹ̀wọ̀n náà, òjíṣẹ́ a sì tú sílẹ̀. Èyí wúlò fún ojú ọgbẹ́ tí ń jinná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa pèsè heparanase lápọ̀jù, kí òpójẹ̀ tuntun lè hù wá bọ́ wọn.

FGF23, ọmọ ìyá FGF2, kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ heparan sulfate. Nítorí náà ni ó ṣe ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ láti inú egungun títí dé kíndìnrín, níbi tí ó ti ń dín phosphate kù. Pùrótéènì Klotho ni alárinà tirẹ̀ níbẹ̀.